Ilẹ̀ Tó Rọ̀ Níwájú Ilé Wa

Òpó iná tó wà létí títì níwájú ilé wa ní Ṣakí máa ń kùn. Bí iná bá wà, tí afẹ́fẹ́ sì dákẹ́, ẹni tó bá dúró nítòsí rẹ̀ yóò gbọ́ ọ bí oyin tó wà nínú ihò igi. Bí kò bá sí iná, òpó náà á dákẹ́, gbogbo wa á sì gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ó ti dákẹ́ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Mo mọ iye ọjọ́ náà nítorí pé áyọ́ọ̀nù eléèédú ni mo fi ń lọ aṣọ àwọn oníbàárà mi láti ọjọ́ kìíní, mo sì ń sàmì sí i lára kàlẹ́ńdà.

Aránṣọ ni mí. Mo ka ìwé mẹ́wàá, mo sì kọ́ṣẹ́ ìránṣọ lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí mo bá jáde nínú méjèèjì kò ju ẹyọ kan lọ: kí n má máa méfò. Bí aránṣọ bá gé aṣọ ní ínṣì méjì dín, kò sí ẹ̀bẹ̀ tí a lè bẹ aṣọ náà tí yóò fi dàgbà. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn ará ilé ọkọ mi máa ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn mi, kó lọ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ìwà yẹn dùn mọ́ wọn. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ó lè pa èèyàn.

Tẹ́lẹ̀rí, òkè ni wáyà tó ń gbé iná wọ ilé wa máa ń gbà, láti orí òpó títí dé abẹ́ páànù. Lọ́dún kan, nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ já a láàárọ̀. Ó sùn sínú eruku bí okùn tí wọ́n fi ń so ẹran. Ewúrẹ́ Bàbá, ìyẹn bàbá ọkọ mi, ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Kò tilẹ̀ ké. Ó kàn ká ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì kò, bí ẹran tí ó ti rẹ̀, ó sì kú síbẹ̀. Bàbá fa ọ̀pá wọn yọ, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ gbá okùn burúkú náà kúrò lára ẹran àwọn. Ọkọ mi ló dì wọ́n mú láti ẹ̀yìn, àwọn méjèèjì sì jọ ṣubú sórí fàráńdà. Títí oṣù yẹn fi parí, Bàbá kò dárí jì í pé ó dá àwọn délẹ̀ lójú ìyàwó ilé.

Lẹ́yìn èyí ni ọkọ mi sọ pé wáyà kankan kò ní gba orí òun kọjá mọ́. Ó ra wáyà dúdú tó nípọn, irú èyí tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀, ó sì pe ríwáyà, ìyẹn ẹni tó máa ń to iná sílé. Ríwáyà ní kí a gbẹ́ ilẹ̀ títí yóò fi mu èèyàn dé ìbàdí, kí a da iyanrìn sí i, kí a ki wáyà náà bọ inú páìpù, kí a tún da iyanrìn lé e kí a tó kó ilẹ̀ bò ó. Ṣùgbọ́n yangí ni iwájú ilé wa, ẹ̀ẹ̀rùn sì ni. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ọwọ́ ọkọ mi ti bó, ihò náà kò sì tíì dé orúnkún.

"Ó ti tó," ni ọkọ mi wí.

"Ọ̀gá, kò tó. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́lẹ̀ lọ́la ńkọ́?"

"Ta ni yóò wá gbẹ́ iwájú ilé mi? Kí ló fẹ́ wá níbẹ̀? Ṣé kùsà tí wọ́n ti ń wa góòlù ni?"

Ríwáyà wo ojú ọkọ mi, ó wo ojú mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú wáyà. Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí a máa ń gbẹ́ iwájú ilé fún ní Òkè-Ògùn. Àgbàlagbà tó bá kú, ilé rẹ̀ la máa ń sin ín sí. Ṣùgbọ́n Bàbá jókòó sábẹ́ dóńgóyárò lọ́jọ́ náà, wọ́n ń gbọ́ gbogbo ohun tí a ń sọ. Ta ló fẹ́ sọ ọ́ lójú wọn?

Nígbà tí ríwáyà ń palẹ̀ mọ́, èmi ló kọjú sí. "Ìyàwó, nǹkan kan kù. Gbogbo suíìṣì inú ilé yín, ẹ̀yìn mítà ni wọ́n wà. Bí ẹ bá pa gbogbo wọn pátá, wáyà abẹ́ ilẹ̀ yìí kò kú. Orí òpó nìkan la ti ń pa á. Ẹ má gbàgbé o."

Mi ò gbàgbé.

Kí a tó kó ilẹ̀ bò ó, ọkọ mi ní kí n mú téèpù mi wá. Káfíńtà ni, ó ní téèpù tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ pé tèmi kì í parọ́. A wọ̀n ọ́n láti ìdí pílà kẹta fàráńdà títí dé ìdí òpó iná. Téèpù mẹ́sàn-án ni, àti ínṣì méjìlélógún. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí. Wáyà náà lọ tààrà, bí ìlà tí mo fi ṣọ́ọ̀kì fà sórí aṣọ. Ọkọ mi wá òkúta méje, ó kùn wọ́n ní ẹfun, ó sì tò wọ́n sórí ilẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí olójú má bàa ní òun ò rí i.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, àìsàn ọjọ́ mẹ́ta mú ọkọ mi lọ. A kò sin ín sílé. Ọmọ tó bá kú ṣáájú òbí, wọn kì í jẹ́ kí òbí máa jí rí sàréè rẹ̀ láràárọ̀. Ìtẹ́ òkú ẹ̀yìn ìlú, lójú ọ̀nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, la gbé e lọ. Lọ́jọ́ kẹjọ, níbi àdúrà fìdáù rẹ̀, ìkòkò pọ̀, ààrò kò tó. Mo jókòó nínú yàrá pẹ̀lú aṣọ opó lára mi, mo ń wo ìta láti ojú fèrèsé. Mo rí àwọn obìnrin asebẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ká òkúta funfun náà nílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe ààrò méjì. Ìkeje ni ẹnì kan gbé sẹ́nu ilẹ̀kùn fàráńdà, kí ilẹ̀kùn má bàa máa pa dé mọ́ àwọn tó ń gbé oúnjẹ.

Ẹnu mi wúwo. Mo ní bí ó bá yá, n ó dá wọn padà. Èéfín sọ wọ́n di dúdú, òjò dé, koríko hù, ilẹ̀ sì jọ ilẹ̀. Mi ò dá ẹyọ kan padà.

Bàbá kú ní ìdájí ọjọ́ kan nígbà tí òjò ti ń palẹ̀ mọ́. Wọn kò ṣàìsàn. Wọ́n kàn sùn, wọn kò sì jí. Mùsùlùmí ni wá, òkú kì í pẹ́ nílẹ̀. Lemọ́mù ní lẹ́yìn ìrun Àílà ni a ó kírun sí wọn lára. Bàbá Kékeré, àbúrò Bàbá, tí wọ́n di olórí ẹbí láti òwúrọ̀ ọjọ́ náà, na ọ̀pá sí abẹ́ dóńgóyárò níbi tí Bàbá máa ń jókòó sí. "Ibí ni," ni wọ́n wí.

Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń fojú wọn ọ̀nà láti ìdí igi náà dé ibi tí wáyà gbà. Ó ju téèpù mẹ́ta lọ. Mo mí kanlẹ̀, mo sì padà sínú ilé.

Àwọn mẹ́rin ló gbẹ́lẹ̀. Aṣáájú wọn ni àbúrò ọkọ mi, tí mo ń pè ní Eyínafẹ́. Orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí mo wọlé, eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà, ó sì ń fi í rẹ́rìn-ín sí mi. Ni mo bá sọ ọ́ ní Eyínafẹ́. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nìyẹn. Èmi ni mo rán ṣòkòtò tó wọ̀ lọ sílé ìwé. Ó ti níyàwó báyìí, ó ti bímọ mẹ́ta, èyí tó kéré jù kò tíì rìn. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kò tíì ti ẹnu mi jáde rí.

Wọ́n ní kí n wá wọn aṣọ funfun tí a ó fi dì Bàbá, nítorí pé èmi ni mo ní àlùmọ́gàjí tó mú. Mo tẹ́ aṣọ náà sórí ẹní nínú yàrá iwájú, àwọn obìnrin ilé jókòó yí mi ká. Níta, dígà ń bá yangí jà. Kèn! Kèn! Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń da omi sílẹ̀ kó lè rọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ọ̀rẹ́ Eyínafẹ́ tó ń gun ọ̀kadà, ń ṣàròyé.

"Bàbá yìí le nígbà ayé wọn, ilẹ̀ wọn náà tún le!"

"Ìwọ ni ọwọ́ ẹ rọ̀," ni Eyínafẹ́ dá a lóhùn. "Ìjókòó orí ọ̀kadà ti ba ẹ̀yìn ẹ jẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí kan, gbòǹgbò àti òkúta kò jẹ́ kí ihò náà jìn ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Mo gbọ́ tí Bàbá Kékeré ń sọ pé oòrùn kò dúró de ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ohun gbogbo dákẹ́ díẹ̀.

Nígbà tí mo tún gbọ́ dígà, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Gbì. Gbì. Gbì.

Mo dá àlùmọ́gàjí dúró.

"Ilẹ̀ rọ̀ níbí o!" ni ọlọ́kadà pariwo. "Ó rọ̀ bí ẹ̀kọ!"

"Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn," ni Bàbá Kékeré wí, omijé wà lóhùn wọn. "Wọ́n ti yan ibi tí wọ́n fẹ́ sùn. Ilẹ̀ ti gbà wọ́n."

"Àmín," ni gbogbo wọn wí.

Àwọn obìnrin tó wà lọ́dọ̀ mi náà ṣe àmín. Èmi nìkan ni n kò ṣe é. Ilẹ̀ kì í rọ̀ níwájú ilé wa. Yangí ni, láti ẹnu ilẹ̀kùn títí dé títì. Ibi kan ṣoṣo ló lè rọ̀ níbẹ̀: ibi tí ẹnì kan ti gbẹ́ rí.

Mo jáde. Obìnrin kì í lọ síbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ sàréè nílé wa, nítorí náà nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ láti fàráńdà, gbogbo ojú yí sí mi. Ihò tuntun náà wà láàárín pílà kẹta àti òpó iná. Eyínafẹ́ dúró nínú rẹ̀, ilẹ̀ mu ún dé agbede ojúgun. Bàtà kò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Garawa omi tí wọ́n gbé láti ìdí dóńgóyárò wà létí ihò, omi ti ta sílẹ̀ yí i ká.

Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Wáyà wà níbẹ̀."

"Wáyà kí ni?" ni Bàbá Kékeré bi mí.

"Wáyà iná. Bàbá àwọn ọmọ ló rì í mọ́lẹ̀. Kò jìn rárá."

Wọ́n gbójú sókè wo òpó. "Iná wo? Ìgbà wo la rí iná gbẹ̀yìn nílùú yìí?"

"Ó di ọjọ́ mọ́kànlá."

"Ẹ gbọ́ o! Òun fúnra ẹ̀ ló kà á. Wáyà tó ti kú láti ọjọ́ mọ́kànlá!"

"Fóònù tèmi náà kú lánàá," ni ọlọ́kadà wí. "Bí a bá gbẹ́ ẹ tán, ẹ jẹ́ kí n sin òun náà mọ́ ọn."

Ẹ̀rín pa wọ́n. Eyínafẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó nu òógùn ojú rẹ̀, ó sì fi pẹ̀lẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. "Ìyàwó, mo gbọ́ nípa wáyà yẹn. Ìsẹ́yìn ni mo wà nígbà tí ẹ ṣe é, ṣùgbọ́n ṣé kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ògiri ni ẹ̀gbọ́n mi gbé e gbà?"

"Kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ògiri."

"Ó tó, ìyàwó," ni Bàbá Kékeré wí. Wọn kò pariwo. "Padà sọ́dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ. Oòrùn ti fẹ́ kan àtàrí. Sàréè kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin."

Mo dìde. Ohun tí mo ti ń ṣe láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo tún ṣe: mo padà. Mo ti gun àtẹ̀gùn fàráńdà tán kí ẹsẹ̀ mi tó kọ òkúta tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó yí gbirigbiri, ó sì dojú bolẹ̀. Ẹfun díẹ̀ ṣì kù lábẹ́ rẹ̀, ó funfun bí ọjọ́ tí ọkọ mi kùn ún. Mo dúró tì í. Lẹ́yìn mi, dígà tún balẹ̀. Gbì.

Mo bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, mo tú okùn ìsáṣọ wa. Mo so ìdí okùn náà mọ́ ìsàlẹ̀ pílà kẹta, mo di orí rẹ̀ mú, mo sì ń rìn lọ sídìí òpó iná.

"Ṣé ẹ fẹ́ fọṣọ ni, ìyàwó?" ni ọlọ́kadà bi mí. "Òkú ṣì wà nílẹ̀ o!"

"Fi wọ́n sílẹ̀," ni Eyínafẹ́ wí. "Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe." Ó gbé ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ kí okùn lè kọjá, bí ẹni tó ń ṣe ọmọdé lóore, ó sì tún tọ́ dígà mú.

Mo dé ìdí òpó. Mo fa okùn náà le. Ó gba ọ̀gangan àárín ihò kọjá, ó fi ẹ̀gbẹ́ kan orúnkún Eyínafẹ́. Mo rí ojú Bàbá Kékeré bó ṣe tẹ̀ lé okùn náà láti pílà dé ihò, láti ihò dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu wọn. Wọ́n la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀.

Òkè orí mi tààrà ni orí òpó náà wà. Mo gbọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́. Ó kọ́kọ́ dún tín-ín, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣí ìdérí ìkòkò. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

"Eyínafẹ́!"

"Mo ń gbọ́," ó dáhùn, kò sì gbójú sókè. Gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀, fún omi, fún ẹní, fún àga àwọn àlejò. Dígà ti kọjá èjìká rẹ̀. Ó ti ń bọ̀ wálẹ̀.

Mo pe orúkọ rẹ̀. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, orúkọ tí Bàbá tó sùn nínú ilé àti àwọn àgbà ẹbí nìkan ní ẹ̀tọ́ láti pè. Mo pè é pé pérépéré, lóhùn tí n kò mọ̀ pé mo ní, bí ìyá ṣe ń pe ọmọ tó fẹ́ já sínú kànga.

Apá rẹ̀ gan. Dígà dúró lókè. Ó yíjú sí mi bí ẹni tí òkú pè.

Láti ìsàlẹ̀ àdúgbò, àwọn ọmọdé hó yèè: "Iná ti dé o!" Gílóòbù fàráńdà tí a ti gbàgbé láti pa láti ọjọ́ mọ́kànlá tàn lójú oòrùn. Ó pọ́n díẹ̀, kò lágbára, ṣùgbọ́n gbogbo wa rí i.

Ọlọ́kadà ló kọ́kọ́ na ọwọ́ láti fa Eyínafẹ́ jáde.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!" ni mo wí. "Ẹ gbé garawa yẹn kúrò. Rárá, ẹ fi sílẹ̀. Gbogbo yín, ẹ sún sẹ́yìn." Mo wá kọjú sí Eyínafẹ́. "Ẹ má jẹ́ kí irin yẹn kan ilẹ̀. Ẹ gbé e lé èjìká. Ẹ fi ẹ̀yìn jáde, ẹ gba apá ọ̀dọ̀ pílà, níbi tó gbẹ."

Èmi tí n kì í sọ̀rọ̀ ni mo ń pàṣẹ fún àwọn ọkùnrin ilé ọkọ mi, wọ́n sì ń ṣe é. Eyínafẹ́ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó gbé ti òsì. Nígbà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dé orí yangí, ó jókòó sílẹ̀ láìwo ẹ̀yìn, dígà ṣì wà lórí èjìká rẹ̀. Ọlọ́kadà ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

A dúró lókèèrè, a wo inú ihò. Níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà, lábẹ́ ilẹ̀ tí kò nípọn ju ìka méjì lọ, ẹ̀yìn nǹkan dúdú kan ti yọ. Dígà ti bu ú jẹ nígbà tí òpó ṣì dákẹ́. Ara wáyà inú rẹ̀ ń dán lójú ọgbẹ́ náà bí òrùka tuntun. Ilẹ̀ tó yí i ká tutù, nítorí omi garawa ti ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ lọ síbẹ̀.

Bàbá Kékeré jókòó sórí àtẹ̀gùn. Wọ́n bọ́ fìlà wọn, wọ́n sì gbé e lé orúnkún. "Ta ló sọ pé ẹ̀gbọ́n mi ló yan ibẹ̀?" ni wọ́n bèèrè. Àwọn fúnra wọn ló sọ ọ́.

Wọn kò gbẹ́ ibòmíràn mọ́. Wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣọ́ ìtẹ́ òkú lójú ọ̀nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò le tó tiwa, àwọn tó ń gbẹ́ ẹ sì mọṣẹ́ wọn. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ bá ọmọ wọn," ni Bàbá Kékeré wí. Bàbá tí a kò fẹ́ kí wọ́n máa rí sàréè ọmọ wọn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ la gbé wọn lọ. Mo parí gígé aṣọ náà. Mo ká a, mo sì gbé e lé àwọn tó fẹ́ wẹ Bàbá lọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n ti kírun tán, tí ọkọ̀ tó gbé Bàbá ti lọ, tí àwọn ọkùnrin sì ti tẹ̀ lé e, èmi nìkan ni mo jókòó sí iwájú ilé pẹ̀lú ihò náà. Wọ́n ti pe àwọn oníná lórí fóònù, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Mo gbé àga sórí yangí tó gbẹ, mo na okùn ìsáṣọ yí ihò náà ká lórí àga mẹ́rin, mo sì mú ọ̀pá gígùn kan lọ́wọ́ fún ẹran. Oòrùn mú. Òpó ń kùn. Gílóòbù fàráńdà ń tàn. Adìyẹ kan wá pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ dùn mọ́ adìyẹ. Mo lé wọn. Wọ́n padà wá láti ẹ̀yìn. Mo tún lé wọn. Lẹ́yìn náà ni ewúrẹ́ kan dúró létí títì, ó ń gbóòórùn omi. Ó wò mí. Mo dìde dúró, n kò sì jókòó mọ́ títí ó fi lọ.

Mo rò ó nígbà náà, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe máa ń ro ìwọ̀n. Yangí tó jẹ́ kí ọkọ mi gbẹ́ ẹ láìjìn. Òkúta mẹ́fà tí wọ́n fi se oúnjẹ fìdáù rẹ̀. Ìkeje tí mo ń fò kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn láti ọjọ́ yẹn. Kò sí ọ̀tá kankan nínú wọn. Gbogbo wa ni a gbẹ́ sàréè yẹn fún Eyínafẹ́, èmi sì mọ ìwọ̀n rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni àwọn oníná dé. Ọ̀kan gun òpó, ó yọ ohun tó yẹ ní yíyọ, gílóòbù sì kú. Èkejì fi irinṣẹ́ kan wò ó kó tó sún mọ́ ihò. "Ta ló ṣọ́ ọ?" ó bèèrè. Mo ní èmi ni. Ó wo okùn, ó wo àga mẹ́rin náà, ó ní, "Ẹ ṣeun, ìyá. Ibi tí a ti máa ń bá irú wáyà báyìí, òkú èèyàn la sábà máa ń bá níbẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, Eyínafẹ́ wá jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá tí mo ti ń ránṣọ. Ó gbé ọmọ rẹ̀ kékeré lé itan.

"Ìyàwó, ẹ pe orúkọ mi."

"N kò pè é."

"Ẹ pè é lójú gbogbo ẹbí. Bàbá Kékeré ní àwọn gbọ́ ọ. Ìyàwó mi ní òun gbọ́ ọ láti ibi kànga."

"Ẹ ò gbọ́ dáadáa ni. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Ó rẹ́rìn-ín, eyín yẹn náà ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Nígbà tí ẹ pè mí ní Eyínafẹ́, mo gbọ́," ó wí. "Mo gbọ́ dáadáa. Mo kàn ní kí n sọ ẹyọ kan yẹn mọ́lẹ̀ ná." Ó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà. Èmi náà tẹ ẹ̀rọ mi.

Ríwáyà àtijọ́ náà ló padà wá ṣe é. Irun orí rẹ̀ ti funfun. Eyínafẹ́ àti ọlọ́kadà ló gbẹ́ ẹ lẹ́yìn tí àwọn oníná ti pa á lórí òpó, ọjọ́ márùn-ún gbáko, títí ilẹ̀ fi mu wọ́n dé ìbàdí. Iyanrìn wà níbẹ̀ báyìí, páìpù wà níbẹ̀. Mo wá òkúta mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́yìn ilé ìdáná, mo fọ èéfín ara wọn, n kò fọ̀ ọ́ tán. A fi sìmẹ́ńtì lẹ̀ wọ́n mọ́ ojú ilẹ̀ pẹ̀lú ìkeje, ààrò kankan kò lè gbé wọn mọ́. Mo sì fi ọ̀dà kọ ìwọ̀n náà sára pílà kẹta, níbi tí àlejò àti ará ilé ti lè rí i. Ìyàwó tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé wa, ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń mú un lọ, kí n tó fi ilé ìdáná hàn án.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó sídìí ẹ̀rọ nígbà tí mo gbọ́ dígà ní ilé tó kọjú sí tiwa. Wọ́n fẹ́ gbẹ́ ṣaláńgá tuntun. Kèn, kèn, kèn. Mo ń ránṣọ lọ. Nígbà tó ṣe, ó yí padà. Gbì.

Mo sọdá títì, téèpù ṣì wà lọ́rùn mi. Ọkùnrin kan wà nínú ihò, ó ti bọ́ ẹ̀wù.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Níbo ni wáyà iná ilé yìí gbà wọlé?"

Ó wò mí, ó wo òpó, ó sì rẹ́rìn-ín. "Wáyà wo, ìyá? Ẹ̀yin náà ò rí i pé ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí iná ti lọ?"

Mo fetí sí òpó. Ó dákẹ́ rọ́rọ́. Mo bi í pé kí ni orúkọ rẹ̀, ó sọ ọ́ fún mi. Mo fi orúkọ náà pè é, mo sì ní kó jáde.